Ẹrù Bàbá Abẹ́ Ọsàn

Ilé Ọkọ Mi,
Ẹ̀yìn Ọjà, Kétu,
Dàhòmé.
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1963.

Agathe, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ọmọ Tàńtí mi,

Báwo lara rẹ? Báwo ni Tàńtí, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọ̀ díẹ̀? Bàbá ńkọ́? Ṣé òtútù Àjàṣẹ́ kò pọ̀ jù fún yín? Ní tiwa níbí, ọyẹ́ ń jà débi pé ètè mi ti là, eruku pupa sì ń bá wa jókòó jẹun. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkọ mi náà wà dáadáa. Kpankou ló ṣì ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń dé, á sì tún padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Láàárín ọ̀sẹ̀, èmi àti àwọn ẹbí rẹ̀ la jọ wà nílé. Ìwọ náà mọ̀ mí, n kò lẹ́nu níwájú àlejò. Kí o wá wo bí mo ti rí níwájú àwọn àna.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún, torí ìwọ lo mọ bí èmi àti ilé aṣọ inú ìwé ti jẹ́. Ṣé o rántí bí a ti máa ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní Tàńtí, tí a ó ṣí ìwé aláwòrán ńlá tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Faransé, tí ìwọ á ní "tèmi nìyí," tí èmi náà á ní "tèmi nìyí," títí a ó fi pín gbogbo aṣọ inú rẹ̀ tán? Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba ara Olúwa, ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá, kò sì ṣí títí àbúrò mi fi wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí mi, "Màdámù ọ̀wọ́n, oníbàárà wa tòótọ́" ni wọ́n ń pè mí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí ní màdámù rí. Ṣùgbọ́n o kò ní gbàgbé búláòsì olódòdó tí mo yàn, tí wọ́n fi onílà ránṣẹ́, tí wọ́n ní olódòdó ti tán, pé àwọn mọ̀ pé onílà yóò wù mí. Ta ló sọ fún wọn? Mo sunkún, mo bú wọn, oṣù tó tẹ̀lé e mo tún kọ̀wé ra nǹkan lọ́dọ̀ wọn. Bí mo ti rí sí wọn nìyẹn.

Nígbà tí òjò ń lọ sópin, ìyá ọkọ mi fẹ́ lọ gba aṣọ òfì kan tó nípọn lọ́wọ́ ahunṣọ kan ní Odomèta, torí ikọ́ máa ń dà wọ́n láàmú tí ọyẹ́ bá ti dé. Agathe, èmi tí kì í sọ̀rọ̀, ọjọ́ yẹn ni mo lanu. Mo ní kí wọ́n fi aṣọ òfì sílẹ̀. Mo ṣí ìwé mi, mo fi ẹ̀wù òtútù kan hàn wọ́n, aláwọ̀ aró, onírun àgùntàn, tó ní bọ́tìnnì títí dé ọrùn. Mo ní yóò dé kí ọyẹ́ tó dé, pé ilé aṣọ náà kò já mi kulẹ̀ rí. Ìyá wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, tó o bá ti ní ó dára, ó dára." Ahunṣọ gbé aṣọ òfì fún ẹlòmíràn.

Ọyẹ́ dé. Ẹ̀wù kò dé.

Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ikọ́ Ìyá láti inú yàrá wọn. Wọn kò bá mi wí lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Eyínfúnjowó, ni kò jẹ́ kí n gbádùn: "Ìyàwó, ṣé àgùntàn tí òyìnbó fẹ́ rẹ́ irun rẹ̀ ni kò tíì dàgbà?" Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín nídìí ààrò, èmi náà á rẹ́rìn-ín, n ó sì máa fọ abọ́ mi lọ. Òun náà ló lọ bá wa béèrè ní ilé pọ́sìtì. Ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ fún wọn, wọ́n ní kò sí ohunkóhun. Mo wá kọ̀wé sí ilé aṣọ náà. Mo ní wọ́n ti dójú tì mí nílé ọkọ, pé kí wọ́n má pè mí ní oníbàárà wọn mọ́. Mo lẹ̀ ẹ́, mo kì í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo ń retí kí ọkọ mi dé kó bá mi fi ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, Ìyá kò lè dìde mu ẹ̀kọ. Mo wé gèlè, mo lọ sí pọ́sìtì fúnra mi. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà níbẹ̀, Désiré ni wọ́n ń pè é, ará Àgbómẹ̀ ni. Ìta ló máa ń dúró sí, á máa pe orúkọ, kí olúkúlùkù wá gba tirẹ̀. Bí mo ti dé ni mo gbọ́ tó pariwo pé, "Baba Abeosan! Baba Abeosan!" Àwọn èèyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin kan ní, "Mùsíè Désiré, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ gbé ẹrù náà fún igi ọsàn, kó wọ̀ ọ́!"

Agathe, èmi ni mo kọ orúkọ yẹn.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà tí mo fẹ́ kọ̀wé ra ẹ̀wù náà, ọkọ mi ní orúkọ bàbá òun ni kí n kọ sí i, torí orúkọ wọn ni gbogbo lẹ́tà ilé wa ń bá wá. Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó lọ sí Kpankou. Mo gbé bírò, ọwọ́ mi kọ̀. Èmi tí n kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ kékeré tí mo bá nílé ọkọ, ṣé orúkọ bàbá ọkọ ni n ó wá kọ fún òyìnbó, kí wọ́n máa pè é káàkiri? Orúkọ tí èmi fi ń pè wọ́n láàárín èmi àti ọkọ mi ni mo kọ, Bàbá Abẹ́ Ọsàn, torí abẹ́ igi ọsàn iwájú ilé ni wọ́n máa ń jókòó sí. Mo rò pé gbogbo Kétu ló mọ ẹni tó ń jókòó níbẹ̀. Ilé aṣọ kò ṣẹ̀. Bí mo ti kọ ọ́ ni wọ́n kọ ọ́, ẹrù náà sì ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà ọdún Nọ́wẹ́lì.

Mo sún mọ́ Désiré, mo ní ẹrù wa ni. Ó ní, "Ìwọ ni Baba?" Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá ọkọ mi ni. Ó ní kí n sọ orúkọ wọn gan-an. N kò gbọdọ̀ pè é. Ó tún béèrè, omi ti ń bọ́ lójú mi. Ó ní, "Màdámù, kí ẹni tó ni orúkọ wá fúnra rẹ̀ lónìí. Lọ́la ni kámíọ̀ ń kó gbogbo ẹrù tí kò lólúwa padà sí Kútọnu."

Mo pàdé Eyínfúnjowó lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ fún un. Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! O sọ bàbá mi di ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójú títì? Ìyàwó, èmi ò sí ńbẹ̀ o."

Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, "Ìyàwó, ṣé o jí dáadáa?" nìkan ni Bàbá ń bá mi sọ. Wọn kì í ṣe ẹni tí ń bá èèyàn ṣeré. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn lábẹ́ igi náà, mo sọ gbogbo rẹ̀, ojú mi nílẹ̀. Ikọ́ Ìyá ni mo ń gbọ́ láti inú ilé. Bàbá dìde, wọ́n wọlé. Mo ní ó tán, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn èèyàn mi. Ìgbà tí wọ́n jáde, agbádá funfun tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ́dún Àjíǹde ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní, "Ká lọ."

Bí a ti dé pọ́sìtì, àwọn tó ń fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kí Bàbá pẹ̀lú orúkọ wọn gan-an, èyí tí n kò lè kọ síbí. Désiré ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, orúkọ tí wọ́n ń pè yìí kọ́ ló wà lára ẹrù." Bàbá ní, "Kí ló wà lára rẹ̀?" Désiré kà á, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀: "Baba Abeosan."

Bàbá wo gbogbo wọn yíká. Wọ́n ní, "Èmi ni. Ìyàwó ilé mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a tú ẹrù nílé, Agathe, pupa ni! Pupa bí ata rodo. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ pé aláwọ̀ aró ti tán, pé wọ́n mọ̀ pé pupa yóò wù wá. Apá rẹ̀ sì gùn ju ọwọ́ Ìyá lọ. Ìyá ṣẹ́ apá rẹ̀ sókè, wọ́n dé bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn, wọ́n ní, "Ó móoru." Wọ́n mu ẹ̀kọ lọ́jọ́ náà. Ikọ́ kò tíì lọ tán, ṣùgbọ́n ó ti dínkù. Eyínfúnjowó fọwọ́ kan aṣọ náà títí, ó wá rọra bi mí bóyá irú rẹ̀ wà tó lè ba òun mu.

Lẹ́tà ìbínú mi ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. N kò fi ránṣẹ́, n kò sì fà á ya. Ilé aṣọ kò ṣẹ̀ mí lórí orúkọ, àwọ̀ ni wọn kò bi mí. Bó bá jẹ́ ìwọ, kí lo máa ṣe?

Bá mi kí Tàńtí, kí wọ́n máa fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà. Kí Bàbá, kí gbogbo ará ilé, má gbàgbé ìyá oníyán ẹ̀gbẹ́ wa. Lánàá ni mo ru omi kọjá lábẹ́ igi ọsàn, Bàbá pè mí. Mo kúnlẹ̀. Wọn kò wo ojú mi, wọ́n ní, "Ọjọ́ tó o bá tún kọ̀wé sí àwọn òyìnbó rẹ, orúkọ yẹn náà ni kó o kọ."

Èmi náà ni, tìrẹ bí ti orí ẹní Tàńtí,
Sidonie