Má Fi Olè Kún Mọ́ǹkì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ibi tí o sùn, mo kí àtẹ̀gùn tí o ń gùn kí o tó dé yàrá rẹ. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì o. Àlàáfíà la wà nílé.

Ohùn tí o gbà sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ ṣìnà, orí fóònù tèmi ló balẹ̀ sí. Èmi àti bàbá rẹ gbé e sórí tábìlì ìránṣọ, a sì jókòó tì í bí ẹni jókòó ti àlejò. Bàbá rẹ kí ọ láàárín ọ̀rọ̀, o ò dáhùn, inú bí i. Àfi bí a ṣe gbọ́ tí o ní mọ́ǹkì ni ọ́, pé o ti dé ipele karùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ nìkan ti sú ọ, o fẹ́ fi olè kún un.

Mo sáré pe káfíńtà ẹ̀yìnkùlé wa tó ti rìnrìn àjò rí, ó ní mọ́ǹkì ni àwọn ọkùnrin tó ń fárí kodoro, tí wọ́n ń gbé ilé àdúrà, tí wọn kì í fẹ́yàwó láéláé. Bàbá rẹ wo ẹ̀wù kóòtù ìgbéyàwó rẹ tó ń rán lọ́wọ́, ó rọra yọ abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, ó ní kò burú, òun á fi ṣe ìrọ̀rí.

Bí mọ́ǹkì bá wá ń jalè, ta ni yóò máa gbàdúrà? A forí korí. Káfíńtà ní bí o bá máa fi nǹkan kún un dandan, kí o di jagunjagun, ó kéré tán wọ́n ń fún wọn ní bàtà. Bàbá rẹ yarí, ó ní ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ méjì pọ̀, ààbọ̀ ni yóò mọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ní kí o kọ́ ìwòsàn, kí ọwọ́ tó ń lu èèyàn lè máa di ọgbẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí àfẹ́sọ́nà rẹ, nọ́ọ̀sì wa, wọlé láti wá wọn aṣọ. Bàbá rẹ sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní kó mọ́kàn le, ọkọ rẹ̀ ti fárí. Ó gbọ́ ohùn rẹ tán, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé áyọ́ọ̀nù, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò tíì gbóná. Ó ní eré ni! Ó ní ẹ máa ń yí tábìlì ká, ẹnì kan á máa sọ ìtàn, kálukú á mú ẹni tó wù ú láti jẹ́, ẹ ó sì da dáìsì láti mọ bí ohun tí ẹ dáwọ́ lé yóò ṣe yọrí. Ó ní òun gan-an ló ní kí o fi olè kún un, torí mọ́ǹkì yára, olè sì mọ bí a ṣe ń yọ́ rìn. Mo wo ọmọ náà tìtorí tẹsẹ̀. Ẹ bára yín mu.

Ó kọ́ wa ní eré náà, káfíńtà gbẹ́ dáìsì. Èmi mú ẹni tó ń para dà di ẹranko. Láti ìgbà tí mo ti di ẹkùn, bàbá rẹ ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Òun alára mú mọ́ǹkì, ó fi olè kún un, ó tún fi jagunjagun lé e. Ó kú lánàá. Má sunkún o, ihò ẹranko tó ń tu iná lẹ́nu ló kú sí. Ó ti dìde, ó ti jẹun, ó ń bá káfíńtà jà pé dáìsì rẹ̀ wọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká ra dáìsì gidi kí wọ́n tó lu ara wọn, sì fi èyí tí n ó máa ná sí i.

Ikú tí èèyàn ń kú tó ń dìde jẹun nìkan ni Ọlọ́run yóò jẹ́ kó mọ ilé wa.

Ìyá rẹ.