Màmá Rachel Ìbíyínká Lábọ̀dé, Tí Wọ́n Fi Ọjọ́ Ogbó Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì (1948–2024)

Ìwàrò-Ọ̀kà ni wọ́n ti bí Màmá Rachel Ìbíyínká Lábọ̀dé ní ọdún 1948. Olóògbé Joseph Fálúyì, àgbẹ̀ kòkó, ni bàbá wọn. Olóògbé Ìyátúndé, ọmọ Ugbe-Àkókó, ni ìyá wọn. Àwọn ni àkọ́bí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ní ọdún 1955, ṣùgbọ́n ìwé kẹta ni wọ́n kà dé. Kòkó kò ṣe dáadáa lọ́dún náà, apá bàbá kò sì ká aṣọ àti ìwé ilé-ìwé fún ọmọ méjì. Iyìọlá, àbúrò wọn, ni wọ́n ní kí ó máa lọ, òun ló sì di ọ̀gá ilé-ìwé gírámà lẹ́yìn ọ̀la. Màmá kò fi í bínú rí.

Ní ọdún 1969, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Olóògbé Nathaniel Lábọ̀dé, káfíńtà, wọ́n sì kó lọ sí Ìkàrẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe búrẹ́dì fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ọmọ Ìkàrẹ́ tí kò bá tíì jẹ búrẹ́dì Ìyá Ìrètí, àlejò ni. Ìyá ìjọ ni wọ́n, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì ń fi búrẹ́dì ránṣẹ́ sí àwọn aláìsàn, wọn kì í béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 2018, Àyànfẹ́olúwa, ọmọ tí Ìrètí àkọ́bí wọn bí, mú ọkọ wá láti Calabar. Àwọn àna kò gbọ́ Yorùbá, Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá ní àwọn kò ní fa ọmọ-ọmọ fọ́kọ kí ẹlòmíì máa túmọ̀ àdúrà àwọn. Wọ́n bẹ Habeebat, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá nílé wọn, tó ń lọ sí yunifásítì ní Àkùngbá, kí ó kọ́ àwọn. Oṣù méje gbáko ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun tí wọ́n ń ka gírámà: mo jẹ lánàá, mò ń jẹ lónìí, n ó jẹ lọ́la. Nígbà tí ẹ̀kọ́ dé orí "bí", wọ́n fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri lédè Gẹ̀ẹ́sì: bí iná bá kú, búrẹ́dì yóò bàjẹ́; bí iná bá ti kú ni, ìbá ti bàjẹ́. Habeebat ní òun kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mú iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́kùn-únkúndùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìrètí ni ẹbí ní kí ó kọ ìtàn yìí, ojú sì ń tì í láti kọ ohun tó kàn. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì Màmá lórí fóònù, ó rò pé yóò dójú ti òun, òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà. Ó bẹ Àǹtí Iyìọlá títí wọ́n fi gbà láti dúró bí ìyá òun. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó mú Àǹtí jókòó sí àga ìyá àgbà ìyàwó, ó sọ fún àwọn àna pé, "Màmá mi nìyí." Nílẹ̀ wa, àbúrò ìyá ẹni, ìyá ẹni náà ni, abẹ́ àṣà yìí ni Ìrètí sá sí. Ó bẹ Àyànfẹ́olúwa náà kí ó pa á mọ́ra. Màmá jókòó láàárín èrò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Màmá pe Habeebat. "Ọmọ mi, wọn ò tíì pè mí ni. Jẹ́ á máa bá iṣẹ́ wa lọ."

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìyá ọkọ Àyànfẹ́olúwa gbọ́ pé àgbàlagbà kan nínú ẹbí ń ṣàìsàn ní Ìkàrẹ́, ó sì yà kí wọn. Wákàtí kan ni àwọn méjèèjì fi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nírọ̀lẹ́, ó pe Ìrètí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n màmá yín sọ bí ẹ ṣe jẹ́ ní kékeré fún mi. Gẹ̀ẹ́sì wọn dára o." Ìrètí wá rí i pé Gẹ̀ẹ́sì tí òun torí rẹ̀ gbé ìyá òun pamọ́ ni wọ́n fi bo àṣírí òun. Ó pinnu láti lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́bọ̀ ni Màmá kú.

Wọ́n fi ọmọ méjì sílẹ̀, Ìrètí àti Rẹ̀mílẹ́kún, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, àbúrò wọn Àǹtí Iyìọlá, àti Habeebat, tí wọ́n kà mọ́ ọmọ.

Àwọn àna wà níbí lónìí. Wọn kò lè ka Yorùbá yìí, nítorí náà Ìrètí yóò dìde, yóò sì sọ fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, létí gbogbo yín, pé ẹni tó wà nínú pósí yìí ni ìyá tó bí òun.

Màmá, ẹ sùn ire. Kí Olúwa tẹ́ yín sí àyè ìtura, kí ẹ sì dárí ji ọmọ yín.