Alhaja Bùsírátù Àbẹ̀kẹ́ Sàlàhúdíìnì (1923–1989) àti Àgbọ̀n Máńgòrò Mọ́kànlélógójì

Agboolé Láwàlì ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti bí Alhaja Bùsírátù Àbẹ̀kẹ́ ní ọdún 1923. Baba wọn ni Àlùfáà Láwàlì, oníṣòwò obì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé Kánò. Ìyá wọn ni Mọ́níkẹ́ aláró, tí àwọ̀ aró kò ṣí kúrò ní èékánná rẹ̀ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ọmọ méjì péré ló yè fún Mọ́níkẹ́: Bùsírátù ni ẹ̀gbọ́n, Àsíátù ni àbúrò.

Bùsírátù, Màmá tí à ń sọ yìí, ka kéú dé ibi tó lápẹẹrẹ, ṣùgbọ́n baba wọn kò fi wọ́n sí ilé ìwé òyìnbó. Ohun tí ẹlòmíràn ń kọ sínú ìwé, orí ni Màmá ń kó o sí, kì í sì í jábọ́. Ní ọdún 1942, wọ́n fẹ́ Mùsílíù Sàlàhúdíìnì, ọmọ Ìtòkú náà, tó wá di òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò nígbà tó yá. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Baba Mùsílíù jáde láyé ní ọdún 1974.

Èso ni iṣẹ́ Màmá. Ọsàn abúlé Wásinmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà, tí wọ́n ń fi rélùwéè kó lọ sí Èkó. Ní ọdún 1978 wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó máńgòrò àti ọ̀pẹ̀yìnbó wọlé láti òdìkejì ibodè, gba ọ̀nà Ìdìrókò. Máńgòrò náà tóbi, ó dùn, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì Òkè-Ìléwó kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti mọ Ọ̀gbẹ́ni Herbert Ọláògún, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ èso àti irúgbìn wò, kí àrùn ilẹ̀ ibòmíràn má baà bá wọn wọlé. Ó tinrín, kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́. Á béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti yẹ èso náà wò níbi tó ti wá. Á ní kí wọ́n da àgbọ̀n mélòó kan sílẹ̀, á yí ìdí èso sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á la díẹ̀ sí méjì bóyá ìdin wà nínú rẹ̀. Ohun tó kórìíra jù ni ewé máńgòrò tí àwọn oníṣòwò fi ń tẹ́ inú àgbọ̀n.

“Alhaja, èso ni kí ẹ kó wá, ẹ má kó ewé,” ló máa ń wí. “Abẹ́ ewé ni àwọn kòkòrò ń gbé. Ẹyọ kan tó bá ń yé ẹyin nínú wọn tó láti pa odidi oko.”

Màmá á rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá, kòkòrò wo ló tó bẹ́ẹ̀?”

Ìdílé ì bá fẹ́ fo ohun tó kàn yìí. Màmá fúnra wọn ni wọ́n pe Yéwándé, àkọ́bí wọn, sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí wọ́n ní: “Bí ẹ bá ń kọ ìtàn mi, ẹ má fi ti máńgòrò pamọ́. Mo ti fi pamọ́ tó.”

Oṣù karùn-ún ọdún 1986 ni, nínú àwẹ̀. Kò tíì pẹ́ tí ibodè ṣí lẹ́yìn tó ti wà ní títì fún bí ọdún méjì, ọkọ̀ ẹrù sì tò bẹẹrẹ. Wọ́n ní ó di ọjọ́ kẹrin kí àyẹ̀wò tó kan ọkọ̀ Màmá. Oòrùn mú ganrínganrín, máńgòrò ń rọ̀, oje ti ń kán sílẹ̀ lára ọkọ̀ àwọn tó wà níwájú, àwọn èèyàn sì ń retí èso tí wọn óò fi ṣínu ní Abẹ́òkúta. Awakọ̀ ní òun mọ ọ̀nà igbó kan. Màmá wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n ní, “Jẹ́ ká lọ.” Báyìí ni àgbọ̀n máńgòrò mọ́kànlélógójì ṣe wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ìsọ̀ wọn ní Láfẹ́nwá, nígbà tí wọ́n tú àgbọ̀n kẹta, wọ́n rí i. Ohun funfun bí òwú tó já wẹ́wẹ́ ló lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé tí wọ́n fi tẹ́ ẹ. Màmá rò pé ìdọ̀tí ni, títí ó fi rìn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n mú àkísà tútù, wọ́n nu máńgòrò náà ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n sì da ewé rẹ̀ sí ààtàn ẹ̀yìn ìsọ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, ogójì ti tà. Ọ̀kan tó kù, Àsíátù àbúrò wọn ní Wásinmi ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí, kó fi ṣínu.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wá bá Màmá gbélé. Bí wọ́n bá fi iwájú orí kanlẹ̀ lórí ìrun, ohun funfun yẹn ni wọ́n ń rí. Bí ọkọ̀ ìjọba bá rọra fà kọjá níwájú ìsọ̀, wọ́n á wọ inú lọ, wọ́n á dúró sẹ́yìn àgbọ̀n. Àràárọ̀ ni wọ́n ń lọ fi igi tú ààtàn.

“Màmá, kí lẹ ń wá níbẹ̀?” Yéwándé bi wọ́n lọ́jọ́ kan.

“Mi ò wá nǹkan kan. Lọ gbálẹ̀.”

Oṣù kejì ọdún 1987 ni Àsíátù ránṣẹ́ pè wọ́n. Opó ni Àsíátù. Igi máńgòrò méjì tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló fi ń jẹun. Kí Màmá tó dé ìdí igi ni ẹsẹ̀ wọn ti ń lẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí nǹkan kan ń kán láti òkè bí oyin. Ewé igi dúdú bí ìdí ìkòkò. Òdòdó tó yẹ kó di èso ti gbẹ dànù. Àsíátù fa ẹ̀ka kan wálẹ̀, ó yí ewé rẹ̀ padà: abẹ́ rẹ̀ funfun báláú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, irú kí lèyí? Ó ti dé ọgbà ọsàn Tẹjúmádé aládùúgbò wa. Wọ́n ní ojú burúkú ni, wọ́n ní Màmá Harriet ló fi wò wá. Wọ́n ti ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú kí ọjà tó ń bọ̀ yìí tó ná.”

Ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé ní ìkángun abúlé ni Màmá Harriet. Bí Màmá ti ń lọ sílé, wọ́n kọjá níwájú ilé rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti di ẹní rẹ̀, ó sì ń wo ọ̀nà. Ó kí wọn, Màmá yára kọjá lọ. Wọn kò jẹun lọ́jọ́ náà. Bí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ní kí Yéwándé sin àwọn dé ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún.

“Ọ̀gá, èmi ni.”

“Ẹ̀yin ni kí ni, Alhaja?”

“Kòkòrò tó wà ní Wásinmi. Èmi ni mo kó o wọlé. Mo gba ọ̀nà igbó, mo rí i, mo nù ún, mo tà á.”

Ọkùnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo. Màmá máa ń sọ pé ì bá sàn kó pariwo.

“Àgbọ̀n mélòó?”

“Mọ́kànlélógójì.”

“Ibo ni wọ́n lọ?”

Màmá di ojú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n: mẹ́rin sí Ìbarà, méje sí Òkè-Ìléwó, méjì sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ní Ewékorò, ẹni tó rà á, ọjọ́ tó rà á, títí ó fi pé. Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún kọ ọ́, ìwé kún.

“Ṣé wọn óò tì mí mọ́lé?” ni Màmá bi í.

“Mi ò mọ̀, Alhaja. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Wásinmi.”

Iwájú ilé Baálẹ̀ ni wọ́n pe àwọn àgbẹ̀ sí. Yéwándé di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Màmá dìde.

“Ẹ fi Màmá Harriet sílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Kì í ṣe ojú burúkú. Kòkòrò ni, mo sì rò pé inú ẹrù mi ló ti wá. Èmi Bùsírátù, ọmọ Láwàlì.”

Tẹjúmádé ti oko dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sún mọ́ wọn. “Ọsàn yẹn ni mo fi ń rán ọmọ mẹ́fà níwèé, Alhaja! Ọmọ mẹ́fà!” Màmá fẹ́ sá, ṣùgbọ́n wọ́n kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún bọ́ sí àárín.

“Ẹ̀ka igi ni kí o fi àdá yẹn gé, Tẹjúmádé. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ó lè má dé oko tó kàn.”

Ó pẹ́ kí Tẹjúmádé tó yí ẹ̀yìn padà. Wọ́n gé gbogbo ẹ̀ka tó ti kó o, wọ́n sun wọ́n lójú ẹsẹ̀. Igi méjèèjì Àsíátù kò ṣeé gé lẹ́ka, láti ìdí ni wọ́n ti gé wọn lulẹ̀. Àsíátù dúró títí èkejì fi wó, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó lé ní ọdún méjì tí kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Màmá Harriet ló bu omi wá fún Màmá mu lọ́jọ́ náà.

Ìjọba gba ìwé àṣẹ ìkẹ́rùwọlé lọ́wọ́ Màmá fún ọdún kan. Nínú ọdún náà, àwọn àti Ọ̀gbẹ́ni Ọláògún tọ àgbọ̀n yòókù lẹ́sẹ̀, wọ́n sì bá kòkòrò náà ní ojúlé mẹ́ta sí i. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà mú ìròyìn kan wá: òun ti rí irú rẹ̀ ní abúlé kan létí ibodè tí àgbọ̀n Màmá kankan kò dé, igi ibẹ̀ sì ti ń ṣàìsàn ṣáájú ọdún 1986.

“Mi ò lè sọ pé ti yín ló dé Wásinmi, Alhaja. Mi ò sì lè sọ pé kì í ṣe ti yín.”

Àwọn ọmọ dúpẹ́, wọ́n rò pé ọkàn ìyá àwọn yóò balẹ̀. Màmá mi orí. “Tó bá jẹ́ èmi ni, mo mọ ohun tí mo ń tọrọ àforíjìn fún. Báyìí ńkọ́? Mi ò ní mọ̀ títí n ó fi kú.”

Ní ọdún 1988 wọ́n tún kó ẹrù, wọ́n sì tò sórí ìlà fún ọjọ́ márùn-ún. Wọn kò tẹ́ ewé sínú àgbọ̀n. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n da máńgòrò sílẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n rí ẹyọ funfun kan ní ìdí èso, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ pariwo. Wọ́n dúró nínú oòrùn títí àwọn òṣìṣẹ́ fi sin gbogbo ẹrù náà sínú kòtò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní orí wọn ti yí. Kò pẹ́ tí àwọn eléso Láfẹ́nwá fi fi í ṣòfin pé ẹni tó bá kó ewé tàbí iyẹ̀pẹ̀ mọ́ èso kò ní pàtẹ láàárín àwọn. Bákan náà ni Màmá máa ń wí lẹ́yìn àdúà ní ẹgbẹ́ àsàlátù: “Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dúró.”

Ara wọn kò yá láti oṣù karùn-ún ọdún yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú wọn ni Àsíátù wọlé láìròtẹ́lẹ̀, tó jókòó sẹ́bàá ibùsùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà yín?”

“Ó ń bà mí, Àsíátù.”

“Ẹ fún mi níbẹ̀, kí n bá yín gbé díẹ̀.”

Wọ́n sunkún pọ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 1989 ni Màmá dákẹ́.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Yéwándé, Gàníyù, Adérónkẹ́ àti Péjú, ọmọ wọn. Àsíátù, àbúrò wọn. Ọmọ ọmọ mọ́kànlá àti ọmọ ọmọ ọmọ méjì.

Kí Ọlọ́run Ọba forí àṣìṣe tí wọ́n mọ̀ àti èyí tí wọn kò mọ̀ jì wọ́n, kó fẹ sàréè wọn lójú, kó fi Àlùjánnà ṣe ilé wọn. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Láwàlì, ẹ sùn. Kò sí ìjayà níbẹ̀ mọ́.