Ọfà Kékeré Tó Kọ̀ Láti Fara Pamọ́

Màámi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàbá, mo kí àwọn àbúrò mi. Ara mi le. Òjò nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn ní Addo níbí. Bàtà là ń gbé lọ́wọ́ lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mi ò kì í rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ fún yín lórí fóònù. Níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kalikulétọ̀ tó ń ya gíráàfù la fi ń kọ́ wọn. Ọfà kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí ìka máa ń darí, bíi ti kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo ń kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé. Ọfà yẹn ń bo ìlà tí àwọn ọmọ ń wò, ni mo bá kọ ọ́ pé kó fara pamọ́ tí gíráàfù bá ti jáde.

Ó pamọ́ fún gbogbo wọn, àfi Ràfíátù, ọmọ bíríkìlà kan tí nǹkan kì í tètè yé. Lójú ẹ̀rọ tirẹ̀, ọfà á rọra rìn, á dúró síbi tí ìlà ti ṣẹ́rí padà. Ọwọ́ ọmọ náà sì wà lórí itan rẹ̀. Mo yẹ àṣẹ wò láti òkè délẹ̀, mi ò rí àṣìṣe. Mo gbé ẹ̀rọ náà fún ọmọ mìíràn, ọfà pamọ́. Mo fún Ràfíátù ní tèmi, ọfà jáde.

Mo bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ó ní rárá, pé bí Bọ̀dá Lásísì ṣe máa ń fìka han òun nìyẹn. Bọ̀dá Lásísì ni tíṣà tí mo gba ipò wọn. Òkun Elékò ló gbé wọn lọ kí n tó dé.

Àwọn ọmọ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìjókòó rẹ̀. Ọ̀gá wa obìnrin ní ká dá a padà sílé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan, mo sì ń jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sán.

Ní Tọ́sìdeè, Ràfíátù fìka ara rẹ̀ kan ibi tí ìlà ti ṣẹ́rí, kí ọfà tó débẹ̀. Ọfà dúró lágbedeméjì, ó sì pòórá. Kò tíì padà wá títí di òní. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn mi níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó rọra ní, “Ẹ ṣé, sà.”

Mi ò yíjú wẹ̀yìn, Màámi.

Ẹ fi mí sádùúrà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kò ní fi ibi kan ilé wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́