Ọ̀rọ̀ Ògiri Tí Ẹ Mọ fún Màmá

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òpópónà Etí Òkun.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ.

Ẹ̀gbọ́n mi tí mo fẹ́ràn dé góńgó,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárẹ̀, ẹ kú àárò wa. Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí kékeré tó bi mí lórí fóònù pé ṣé inú rédíò ni mò ń sùn? Ẹ bá mi sọ fún un pé ó kù díẹ̀ kó rí bẹ́ẹ̀. Ara tèmi le, ara Màmá náà le, ọkàn wa ni kò balẹ̀.

Mo ti jókòó ti ìwé yìí, mo ti dìde, mo ti tún jókòó. Mo ti gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Mo ti gbé omi kaná tí ẹnikẹ́ni ò ní í mu. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó tún dìde: ọ̀rọ̀ ògiri yín ni. Ògiri tí ẹ ní kí wọ́n mọ síwájú ilé láti fi dá òkun dúró fún Màmá, àdúgbò fẹ́ kí á wó o kí òkun tó kún lóṣù tó ń bọ̀. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Màmá ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀. Ẹ má tíì bínú. Ẹ kà á tán ná, kí ẹ tó máa wá fóònù kiri láti fi bú mi.

Ẹ rántí bí omi ṣe wọ ilé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn wa lọ́dún tó kọjá. Àwọn aboyún ń rọbí lórí tábìlì, agbẹ̀bí ń rìn nínú omi tó mù ún dé orúnkún, ó sì ń gba ọmọ. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Nígbà tí omi fà tán, ìjà ló kù. Àwọn apẹja ní gọ́tà tí ẹnjiníà káńsù là ló fa omi wọlé. Ẹnjiníà ní pàǹtírí tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń dà sínú gọ́tà ni. Àwọn dẹ́rẹ́bà ní ilé ìwé ló kó yanrìn etí òkun fi kọ́lé. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n yé o, àwọn apẹja ló gé igi etí omi tán láti fi yan ẹja. Orí ètò mi àárọ̀ lórí rédíò ni gbogbo wọn sì ti ń sọ ọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú lè ráàyè bú ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ó sú mi. Ẹ mọ̀ mí, nǹkan kì í pẹ́ sú mi. Mo pe gbogbo wọn sí ilé iṣẹ́ rédíò lọ́jọ́ kan náà, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹlòmíì ń bọ̀. Yàrá wa kéré, ìjókòó ò tó. Bí ọ̀gá apẹja àti ẹnjiníà ṣe pín bẹ́ǹṣì kan jókòó nìyẹn. Ọ̀gá apẹja yìí, Jẹ́jẹ́ là ń pè é, nítorí pé kò mọ ohun tó ń jẹ́ jẹ́jẹ́. Bó bá kí ẹnì kan lójú títì, ará ilé mẹ́ta ló máa dáhùn. Ẹnjiníà ní tirẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń júwe òògùn fún aláìsàn. Wọ́n jà, wọ́n jà, ó rẹ̀ wọ́n. Agbẹ̀bí ló wá dìde. Ó ní òun ò bèèrè ẹni tó jẹ̀bi, ibi tí omi ń gbà wá bá àwọn aboyún òun lòun fẹ́ mọ̀, nítorí òkun ò ní í ránṣẹ́ kó tó padà wá. Ọjọ́ náà la di ìgbìmọ̀.

Kì í ṣe pé ó rọrùn lẹ́yìn náà. Ẹnjiníà gbé àwòrán ilẹ̀ kan wá, aláràbarà, ó ń tọ́ka síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó yé. Jẹ́jẹ́ náà fi ìka ya tirẹ̀ sórí yanrìn, àwa tí a kì í ṣe apẹja ń mirí bí alángbá. Ibi tí wọ́n ti ń bára wọn jiyàn ni ọ̀rọ̀ kan ti bọ́ síta, mi ò tilẹ̀ lè sọ ẹnu tó ti kọ́kọ́ jáde: pé kí á bi omi fúnra rẹ̀. Àwọn apẹja ní kókì tí wọ́n fi ń gbé àwọ̀n léfòó. Àwọn ọmọ ilé ìwé lè kùn ún lọ́dà, kí kókì ibì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹnjiníà máa sọ ibi tí á ti jù wọ́n sómi. Àwọn dẹ́rẹ́bà máa dúró ní gbogbo ìkóríta láti wo àwọ̀ tó bá gba iwájú wọn kọjá. Èmi, iṣẹ́ ẹnu ni wọ́n fún mi: kí n máa ròyìn rẹ̀ lórí rédíò bó ṣe ń lọ, kí ẹni tí kò lè jáde náà lè mọ ibi tí omi ń gbà.

Ọ̀sán gangan la ṣe é, lọ́jọ́ tí òkun kún. Jẹ́jẹ́ ti búra pé ojú odò àtijọ́ ni omi máa gbà. Ẹnjiníà ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ búra tirẹ̀ pé gọ́tà ni. Kókì aláwọ̀ ewé tí wọ́n jù sójú odò ń yí lójú kan náà títí, kò lọ síbì kankan. Kókì pupa wọ gọ́tà díẹ̀, ó sì jáde padà bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀. Àwọn méjèèjì ò lè wojú ara wọn. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa lórí afẹ́fẹ́, mi ò mọ̀ pé tèmi ń bọ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Kò sẹ́ni tó ju kókì síwájú ilé tiwa. Ẹnjiníà ti sàmì síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn apẹja ní iwájú ilé àgbàlagbà kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ju nǹkan sí. Wọ́n fo ibẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, Màmá dá wọn lóhùn lójú fèrèsé, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nítorí ọ̀wọ̀, díẹ̀ ló kù ká má mọ òótọ́. Èmi ni mo kó kókì aláwọ̀ aró tó ṣẹ́kù nínú apẹ̀rẹ̀ tí mo dà á sómi. Kì í ṣe ọgbọ́n o, mo kàn fẹ́ kí ètò mi dùn ni. Mo ń sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n wá gbọ́ bí ògiri ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa lé wọn padà sínú òkun.

Ògiri lé wọn lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe sínú òkun. Wọ́n kọlù ú, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gba ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé wa àti ilé aránṣọ, eré ni wọ́n ń sá. Èmi náà ń sáré tẹ̀ lé wọn, gbohùngbohùn lọ́wọ́. Ẹ̀yìnkùlé ilé ìgbẹ̀bí ni gbogbo wọn lọ kóra jọ sí, lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìrọbí gan-an. Ẹnu mi tí ẹ ní kì í sinmi, ó pa dé. Wọ́n ní àwọn èèyàn ń gbá rédíò wọn nínú ilé, wọ́n rò pé bátìrì ló kú. Mo wo agbẹ̀bí, agbẹ̀bí wò mí. Mo wá ní, “Ògiri ilé wa ni, ẹ̀yin ará. Ilé wa ló ń da omi sí ilé ìgbẹ̀bí.” Gbogbo ìlú gbọ́. Bóyá ẹ̀yin náà tilẹ̀ ti gbọ́ kí lẹ́tà yìí tó dé.

Ojú tì mí, mi ò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n mi ò bá yín wí. Nígbà tí òkun gbé ilé ìdáná wa lọ, tí ẹ ń sunkún lórí fóònù, ta ló mọ̀? Ìfẹ́ lẹ fi mọ ọ́n. Ẹnjiníà tó ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ kò mọ̀, Jẹ́jẹ́ tó bá omi dàgbà kò mọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìgbà tí gbogbo wa jọ wò ó la tó rí i.

Láti ọjọ́ náà ni fóònù ilé iṣẹ́ wa ò ti dáké. Àwọn tó ń pè ò bú mi o, kókì ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n fẹ́ jù ú síwájú ilé tiwọn. Aránṣọ jù ú, ó rí i pé ọgbà òun náà ń da omi sí ẹlòmíì. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa wó o. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń wo ilé wa ná. Ohun tí gbogbo ará etí òkun ń sọ nìyẹn, àwọn ń wo ilé wa ná.

Màmá wá yarí. Ó gbé àga rẹ̀ ti ògiri, ó fẹ̀yìn tì í, ó ń rán bọ́tìnnì, ó sì ń wo gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Bí mo bá kí i, ògiri ló máa dá lóhùn: ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o, má dá olófòófó lóhùn. Èmi ni olófòófó. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ẹnjiníà wá bá a. Mo ń gbàdúrà pé kó má gbé àwòrán rẹ̀ dání, Ọlọ́run sì gbọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣe fún un: kí á wó ògiri, kí á to òkúta ní dàgẹ̀rẹ̀ kí ìgbì lè máa gùn ún títí á fi rẹ̀ ẹ́, kí á sì gbin igi etí omi sẹ́sẹ̀ òkúta náà. Àwọn dẹ́rẹ́bà máa kó òkúta, àwọn apẹja máa gbin igi, ilé ìwé á máa tọ́jú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Màmá bi í, pé ṣé omi ò ní í wọ yàrá òun. Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ì bá rọrùn. Ẹnjiníà ní ó máa wọ̀ ọ́, títí igi á fi dàgbà. Ó ní yàrá iwájú gbọ́dọ̀ lọ, kí Màmá kó lọ sí tẹ̀yìn, òun ò sì lè ṣèlérí pé tẹ̀yìn náà máa wà títí láé. Ó ṣe mí bíi kí n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Màmá wò ó títí, ó ní ẹnjiníà yìí ni ẹni àkọ́kọ́ láti káńsù tí kò parọ́ fún òun. Ó sì ní kó máa lọ.

Lánàá ni Màmá ṣàdédé ní kí n mú òun dé ilé ìgbẹ̀bí. Agbẹ̀bí fi ibi tí omi dé lára ògiri yàrá ìrọbí hàn án. Ó ga ju ibùsùn lọ. Obìnrin kan wà lórí ibùsùn náà, ọmọ jòjòló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń sùn. Màmá fọwọ́ kan ojú àmì omi náà, ó wá rọra fọwọ́ wọ́ ara ògiri wálẹ̀ títí ó fi kan ibùsùn. Agbẹ̀bí ò rọ̀ ọ́. Ojú ọ̀nà ló ti di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n kọ̀wé sí yín. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ fóònù, torí bó bá jẹ́ fóònù, ẹ ó máa bẹ òun pé kí òun má wó o, òun á sì gbà fún yín.

Ó ní láti ìgbà tí ògiri ti wà, òun ò tíì sùn dáadáa. Tẹ́lẹ̀, ìgbì máa ń wá, ó máa ń lọ. Ní báyìí, ó ń gbá ògiri gbì, gbì, gbogbo ilé á sì máa mì. Òun ò lè sọ fún yín, nítorí bí ẹ bá ti pè, ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ògiri ńkọ́, ohùn yín á sì dùn, òun ò fẹ́ bà á jẹ́. Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi ń jókòó tì í, tó ń lé gbogbo ayé sá. Ó dúró lójú ọ̀nà. Ó ní kí n kọ èsì rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí òun ṣe sọ ọ́:

“Ọmọ mi ló fi ránṣẹ́ sí mi, mi ò lè jẹ́ kí àlejò wó o. Sọ fún un pé òun ni mò ń retí, ògiri ló rán wá. Kó wá wó o fúnra rẹ̀.”

Ó ti ń kó ẹrù kúrò ní yàrá iwájú bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń pè mí pé kí n wá bá òun gbé àpótí. Ìgbìmọ̀ gbà láti dúró dè yín títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kíkún òkun. Wọn ò lè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, aboyún tó wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí pọ̀. Bí ẹ ò bá dé, Jẹ́jẹ́ ló máa kọ́kọ́ gbé òòlù. Màmá máa dúró wò ó, mo mọ̀ ọ́n, kò ní í sunkún lójú wọn. Ohun tí kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀ nìyẹn. Mo lè sọ fún gbogbo ìlú lórí rédíò pé kí wọ́n ṣí kúrò létí omi. Èmi nìkan ò lè di Màmá mú lọ́jọ́ náà.

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Jẹ́jẹ́ kí yín, agbẹ̀bí kí yín. Ẹnjiníà ò mọ̀ yín rí, ṣùgbọ́n ó ní ẹ ò ṣahun irin, ẹ fi irin gidi sínú ògiri náà, ó máa ṣòroó wó. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má ra nǹkan kan dání. Ẹ ṣáà máa bọ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wo ọ̀nà,
Ẹsẹ̀-ò-gbélé.