Gílóòbù Ẹnu Ọ̀nà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú o, mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé síídì wáàsí yín. Ó kúkú ti ń há tipẹ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àáfà yẹn ń tún sọ ṣáá, síbẹ̀ ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù.

Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì ní Ìkẹjà ni mo fi í ṣe iṣẹ́ fún. Mo lẹ ẹ̀là rẹ̀ kan mọ́ inú páálí, mo sì la ojú tínínrín sí páálí náà lára. Tí èèyàn bá yọjú wo iná láti ibẹ̀, iná náà á tú sí àwọ̀ bí òṣùmàrè. Gílóòbù tó ń gbóná ní àwọ̀ tirẹ̀, iná funfun inú kíláàsì náà ní tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe ń tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè dé: wọ́n á mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀, bó ṣe gbóná tó, àti bóyá ó ń bọ̀ tàbí ó ń lọ. Ohun tó tutù pàápàá ń tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò rí. Èèyàn náà ń tàn, Bàbá. Mo rántí bí ọwọ́ yín ṣe máa ń gbóná níwájú orí mi ní ìdájí, tí ẹ bá ti ṣíìfù òru dé láti iléeṣẹ́ ìgò.

Ẹ̀yin lẹ fi òfin gílóòbù ẹnu ọ̀nà lélẹ̀: ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ni kó pa á. Nítorí ṣíìfù, ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń kẹ́yìn. Màá ti jí lórí ẹní, màá máa wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Tó bá ti kú, Bàbá ti dé nìyẹn, oorun á tún gbé mi lọ.

Àmọ́ ọsibítù lẹ ti jáde láyé, ẹ kò wọlé wá mọ́. Látìgbà tí a ti sin yín, Màámi kò jẹ́ ká pa gílóòbù yẹn, tọ̀sán-tòru. Orí àga pálọ̀ ni wọ́n ń sùn, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń rù, ẹ̀rù sì ń bà mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n má retí yín mọ́?

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo gbé páálí náà fún wọn kí wọ́n fi wo gílóòbù wa. Inú wọn dùn bí ọmọdé. Èéfín Agége kì í jẹ́ ká rí ìràwọ̀ dáadáa, nítorí náà ẹnu ni mo fi ń ṣàlàyé, títí mo fi dé orí àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà réré, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń pọ́n sí i nítorí pé wọ́n ń lọ.

“Tí wọ́n bá ti ń lọ báyẹn, ṣé wọ́n á padà?”

Irọ́ ti dé ẹnu mi. Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ irọ́ pa.

“Wọn kì í padà, Màámi. Ìmọ́lẹ̀ wọn nìkan ló ń dé.”

Wọ́n rọra gbé páálí náà sílẹ̀, wọ́n tún kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo bá ara mi wí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lánàá, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo kí wọn lórí àga wọn, mo sì ń kọjá lọ sí kíṣìnì, ni wọ́n bá pè mí padà.

“Ìwọ lo wọlé kẹ́yìn. O ò ní paná ni?”

Mo padà síbi súwíìṣì. Mo pa á. Àwa méjèèjì jókòó sínú òkùnkùn, a sunkún yín dáadáa. Lẹ́yìn náà Màámi dìde, wọ́n wọ yàrá lọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yín.

Ṣé ẹ rí i níbẹ̀ pé a ti paná? Ẹ má rò pé a tilẹ̀kùn mọ́ yín o. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ṣì ń wo abẹ́ ilẹ̀kùn.