Mọ́tò Ézéchiel Ń Bọ̀ Nílé

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Lyon dára, ara mi le. Ọ̀gá ní kí n sinmi díẹ̀, mo wá ń ráyè láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ rántí eré ìje mọ́tò inú kọ̀ǹpútà bàbá wa? Ẹ̀gbọ́n mi Ézéchiel á borí mi, á pe àwọn àlejò tó wá gbàdúrà ní Arigbo wá fi mí ṣẹlẹ́yà. Kọ̀ǹpútà òde òní yá jù fún eré náà: kí ìka tó kan bọ́tìnnì, mọ́tò ti kọlu ògiri. Mo jókòó tì í, mo tún un ṣe títí mọ́tò tèmi fi ń sáré bíi ti àtijọ́.

Chantal, ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ nílé láti ibí, ń mú ẹ̀dà eré náà kan bọ̀ fún Ézéchiel. Kì í ṣe èyí tí mo tún ṣe. Ẹ jẹ́ kó pe àlejò wá wòran.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ má wulẹ̀ kí Ézéchiel. Èmi Dorian ti kí i.